Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ìmọ̀ràn fún Ìyàwó Ṣọ́jà

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń fẹ́ ológun, sùúrù nìkan ni wọ́n dì lẹ́rù fún wọn láti ilé. Ìyá ọkọ á ní kí wọ́n mú sùúrù. Pásítọ̀ á ní kí wọ́n mú sùúrù. Àlùfáà náà á ní, "Ìyàwó wa, ẹ mú sùúrù, Ọlọ́run á bá wa dá ọkọ yín padà láyọ̀." Àmín ni. Ṣùgbọ́n arọ inú òwe yìí kò jókòó kó máa mú sùúrù. Ó gbọ́ pé ogun ń bọ̀, ó sì ti kúrò lójú ọ̀nà kí ogun tó dé. Ẹni tó fẹ́ ṣọ́jà ti gbọ́ nípa ogun tirẹ̀ láti ọjọ́ ìdána. Ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á pín ọkọ òun sí Bọ̀rnó tàbí Zamfara, tí gbogbo ilé á sì wá dá lé òun nìkan lórí. Ohun tó yẹ kí tọkọtaya ti ṣe kí ọjọ́ yẹn tó pé ni mo fẹ́ bá a sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ìran wa. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893, àgọ́ Ìbàdàn ní Igbájọ àti àgọ́ Èkìtìparapọ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé di ìlú fún àwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́lé, wọ́n gbéyàwó, wọ́n ná ọjà. Ogun ọdún mẹ́rìndínlógún kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ìyàwó sílẹ̀ nílé torí ẹ̀. Ti ayé òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2009 tí ìjà Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀, ọkọ lè wà nínú iyanrìn Bọ̀rnó, kí ìyàwó wà ní bárékè Òdògbò l'Ọ́jọ́ọ̀, kí ìyá ọkọ wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, kí oníkálukú sì máa ro tirẹ̀.

Ibi tí ẹnu kì í fẹ́ dé ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bi ọkọ rẹ léèrè: orúkọ ta ló wà nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí next of kin? Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló jẹ́ àpọ́n nígbà tí wọ́n wọ Dípò ní Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ogun tuntun. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù síwájú wọn, wọ́n kọ orúkọ bàbá tàbí ti ẹ̀gbọ́n, wọ́n fọwọ́ sí i, ó tán. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọkùnrin náà di sájẹ́ǹtì, ó gbéyàwó, ó bímọ mẹ́ta, orúkọ ẹ̀gbọ́n ṣì wà níbi tó wà. Bí ohun tí a kò gbàdúrà fún bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n yẹn ni wọ́n á pè, òun náà ni wọ́n á bá sọ̀rọ̀ owó. Bí ẹ̀gbọ́n bá jẹ́ ọmọlúàbí, a dúpẹ́. Bí kò bá jẹ́ ńkọ́?

Àṣà wa pàápàá kò gbèjà obìnrin níbí yìí. Nínú òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ọmọ ló ń jogún bàbá, yálà wọ́n pín in ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Ìgbéyàwó tó bá òfin ìjọba mu, tó sì ní ìwé ẹ̀rí, ló ń fún obìnrin ní ìpín tirẹ̀. Ìdána tó kún fọ́fọ́ àti aṣọ ẹbí tó bára mu kò lè ṣe iṣẹ́ ìwé yẹn. Nítorí náà, ẹ lọ sí kóòtù, ẹ gba ìwé. Kí ọkọ mú un pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ lọ sí ọ́fíìsì yúnìtì rẹ̀, kí wọ́n kọ gbogbo yín sílẹ̀, kó sì tún orúkọ next of kin kọ. Bó bá sì fẹ́ kí ìyá tó bí i lọ́mọ náà rí nǹkan gbà, kó ṣe ìwé ìpíngún, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ohun tí kò dára ni kí ìyá àti ìyàwó wá máa jà lórí ohun tí olóhun ì bá ti fi gègé parí.

Wọ́n á ní o ń fi ikú pe ọkọ rẹ. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ọkọ fúnra rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, lójú ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù tàbí lójú ìyá rẹ̀: "Ẹ̀yin ẹbí mi, mò ń lọ. Ìyàwó mi ló mọ ibi tí ìwé mi wà. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ nílé yìí, òun ni kí ẹ bi." Gbólóhùn yẹn, tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, wúlò ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò bá sọ báyìí nípa rẹ̀ kó tó lọ, wàhálà àna ló máa kọ́kọ́ bá pàdé.

Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé wọ̀nyí, kí ẹ sì fi ọ̀kan pamọ́ síbi tí kì í ṣe bárékè. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002, ilé ìkóhun-ìjà-sí bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà. Ènìyàn tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ló bá a lọ, púpọ̀ nínú wọn sì kú sínú omi Òkè-Àfà bí wọ́n ti ń sá nínú òkùnkùn láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ológun kúrò nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́ àti aṣọ ọrùn wọn nìkan. Àwọn tó rántí Ìkẹjà kì í fi gbogbo ìwé wọn sínú àpótí kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ jọ kọ ohun tó ń jẹ owó nínú ilé sílẹ̀: owó ilé ìwé, gáàsì, owó tí ìyá méjèèjì ń gbà lóṣù, àjọ, gbèsè tí ọkọ jẹ tí ìyàwó kò gbọ́ rí. Gbèsè yẹn gan-an ni kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́, torí pé olówó kò ní dúró dìgbà tó bá dé láti Bọ̀rnó. Àwọn ọkọ fẹ́ràn kí wọ́n fi káàdì ATM sílẹ̀ kí wọ́n sì máa lọ. Kò tó. Bí káàdì bá sọnù tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ẹni tó ni àkáǹtì nìkan ni báńkì mọ̀, inú igbó ló sì wà. Kí ọkọ fọwọ́ sí i ní báńkì kó tó lọ pé kí wọ́n máa yọ iye báyìí sí àkáǹtì ìyàwó lóṣooṣù. Ìyẹn ló ń pa ẹ̀bẹ̀ rẹ́ láàárín tọkọtaya.

Kí ìyàwó náà ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ta ni kò mọ mámì màkẹ́ẹ̀tì? Ìtàn tí a ń gbọ́ ni pé ìyàwó ológun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Mammy Maria Ochefu, tó ń ta ògì ní bárékè Abakpa ní Enugu, tí àwọn ṣọ́jà sì ń wọ́ lọ bá a. Ọkọ rẹ̀, Anthony Ochefu, padà di gómìnà ológun. Títí dòní, kò sí bárékè ńlá kan tí ọjà yìí kò sí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ ná owó ńlá sórí ṣọ́ọ̀bù rò ó dáadáa, torí wọ́n lè gbé ọkọ lọ sí Jos láàárín oṣù kan, ṣọ́ọ̀bù kò sì ní bá wọn wọ ọkọ̀. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń gbé kiri ni mo fi ń gbani nímọ̀ràn: aṣọ rírán, irun dídì, oúnjẹ ayẹyẹ sísè, kíkọ́ ọmọ ẹlòmíràn lẹ́kọ̀ọ́ nílé.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí fóònù. Ní oṣù Karùn-ún 2013, nígbà tí ìjọba kéde ìjọba pàjáwìrì ní Bọ̀rnó, Yobe àti Adamawa, wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù níbẹ̀. Ìyàwó ológun tó wà nílé nígbà yẹn mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń rí. Lónìí pàápàá, ọ̀pọ̀ ibùdó wà tí ṣọ́jà ti gbọ́dọ̀ gun orí òkìtì kó tó rí ìlà mú. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni fóònù á dún. "Bàbá Bísọ́lá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" "Mò ń... àwọn ọmọ ńkọ́?" "Wọ́n ti sùn. Ẹ ti jẹun?" Ó ti já. Ìṣẹ́jú kan péré.

Kí lo fẹ́ fi ìṣẹ́jú kan yẹn ṣe? Kí ẹ ti fẹnu kò kó tó lọ: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ẹnu rẹ ni pé àlàáfíà wà, kí àyà rẹ̀ lè balẹ̀. Èkejì ni ohun tó nílò ìdáhùn rẹ̀ nìkan. Ìjà àtijọ́ kò ní àyè níbẹ̀. Tí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ohun tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lè bá onílé yanjú, jẹ́ kó yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi àìsàn ọmọ pamọ́ fún bàbá ọmọ. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìfẹ́, wọn kò sì mọ̀ pé nígbà tó bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò ní gba "àlàáfíà ni" gbọ́ mọ́ láti ẹnu wọn. Má bi í ní ibi tó wà tàbí ibi tí wọ́n ń lọ, má sì gbé fọ́tò rẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù sórí Facebook. Ọ̀tá náà ń ka Facebook.

Má sì wá orúkọ ọkọ rẹ lórí WhatsApp. Lẹ́yìn ìkọlù sí ibùdó àwọn ṣọ́jà ní Metele, ní Bọ̀rnó, ní oṣù Kọkànlá 2018, fídíò ibẹ̀ ń ti orí fóònù kan bọ́ sí èkejì, obìnrin sì ń wo ojú òkú ọmọ ọlọ́mọ láti mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi ara rẹ̀ sínú ìyẹn. Gba nọ́ḿbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kó tó lọ àti ti ìyàwó wọn. Mọ Magajíyà, olórí àwọn obìnrin bárékè yín, dáadáa, torí òun ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ń tẹnu rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Obìnrin tí kì í lọ sí ìpàdé bárékè, tó ní òun kò fẹ́ ẹjọ́, kì í rí ẹni bá a sùnlé lọ́jọ́ tí ìròyìn burúkú bá ń jà ràn-ìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ṣọ́jà náà wà, gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí sì kàn án. Kó má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ló ń wẹ ọmọ.

Etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Àbọ̀ gan-an ni kò sẹ́ni tó ń kọ́ wa, òun ló sì ń tú ilé ká jù. Aláǹgbá gbogbo ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọkọ dé, ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé, ẹbí ń jó. Ní aago mẹ́ta òru, o ta jí, o kò bá a lórí bẹ́ẹ̀dì: ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń yẹ kọ́kọ́rọ́ wò lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ kan yin báńgà ládùúgbò lóṣù Kejìlá, ó ti dọ̀bálẹ̀ kó tó rántí pé ilé lòun wà. Má fọwọ́ kàn án lójijì nígbà tó bá ń sùn. Dúró sápá ibi ẹsẹ̀ rẹ̀, pe orúkọ rẹ̀, tún un pè, jẹ́ kó gbọ́ ohùn rẹ kó tó rí ọ. Kọ́ àwọn ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Má fagbára bi í ní ohun tó rí. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, fetí sílẹ̀, má sì sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ.

Bí oorun kò bá padà wá, tí ọtí ń pọ̀ sí i, tí inú ń bí i sí gbogbo ohun tó ń rìn, ilé ìwòsàn ló kàn. Àwọn kan á ní ayé ló ta á lọ́fà. Ẹ máa gbàdúrà, kí ẹ sì gbé e lọ. Ilé ìwòsàn ológun wà ní Yábàá. Arò ní Abẹ́òkúta ti ń tọ́jú irú ìdààmú ọkàn báyìí láti 1954. UCH ń bẹ n'Íbàdàn. Ẹni tó lọ síbẹ̀ kì í ṣe wèrè. Ohun tó rí ló wúwo ju ohun tí ènìyàn kan lè dá gbé. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń bà ọ́ tàbí tó ń ba ọmọ, má fi àìsàn bò ó mọ́lẹ̀. Kó àwọn ọmọ kúrò nílé lọ́jọ́ náà, kí o sọ fún Magajíyà, kí o sì lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní yúnìtì. Wọ́n ní agbára lórí rẹ̀ tí ẹbí kò ní.

Ilé náà ti yí padà nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ìwọ lo ti ń pinnu ohun gbogbo, ọmọ tó fi sílẹ̀ tó ń rákò ti ń sáré, ó sì lè sá fún un. Má fipá ti ọmọ náà sọ́dọ̀ rẹ̀ pé "bàbá ẹ nìyí," má sì jẹ́ kó dun ọkọ rẹ jù. Jẹ́ kó máa mú un lọ sílé ìwé láàárọ̀, kó máa bá a ra bisikíìtì lọ́nà. Fi ìwé ìnáwó hàn án ní ọ̀sẹ̀ kejì, kì í ṣe lọ́jọ́ tó dé. Fún ẹbí tó fẹ́ wá kí i, kó pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní kó gbóhùn rẹ̀, kí àwọn yòókù sì wá lọ́jọ́ Sátidé, nítorí páàsì tí wọ́n fún un kò gùn, àwọn ọmọ ló sì kọ́kọ́ ni ín.