Ayùn Ẹlẹ́ńjìnì: Ojú Rẹ̀ Ni Kí A Kọ́kọ́ Tọ́jú

Ìlú Ìbàdàn kò lè ṣe aláìní igi. Ẹni tí ó bá dé ọjà pákó ní Bódìjà yóò rí òkìtì pákó tí a kó wá láti inú igbó. Ẹni tí ó bá sì ń gbé ní Agbowó tàbí ní ẹ̀bá Ring Road mọ bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò ti máa ń wó igi lu òrùlé àti lu wáyà iná. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ayùn ẹlẹ́ńjìnì ni a ń wá. Àgbẹ̀ tí ń ṣán oko tuntun, onígẹdú tí ń la pákó, àti baálé tí igi wó sí àgbàlá rẹ̀, gbogbo wọn ni ẹ̀kọ́ yìí kàn. Ẹ̀rọ náà wọ́n lówó. Epo rẹ̀ pẹ̀lú ti wọ́n gógó láti ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù kúrò. Bí a bá sì lò ó láìní ìmọ̀, ó lè gba ẹ̀mí.

Ohun kan ni a fẹ́ kí ó yé wa: nígbà tí ayùn kò bá gégi dáradára mọ́, eyín rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò, ìdè kábúrétọ̀ ni kí a fi ṣe ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń yí ètò yìí padà. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ayùn rẹ̀ ti kújú, òun kò sì mọ̀. Ó fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Ẹ́ńjìnì ń kérora. Ó rò pé ẹ́ńjìnì ni kò lágbára, ó mú sukudiréfà, ó yí ìdè epo wọlé kí ẹ̀rọ lè sáré. Ní tòótọ́ ó sáré, ohùn rẹ̀ sì dùn létí. Ṣùgbọ́n inú epo náà ni ọ́ìlì tí ń mú kí písítìnì máa yọ̀ wà. Bí epo ti dín, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì dín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, písítìnì ti gbóná, ara rẹ̀ ti họ, ẹ́ńjìnì ti dá gbẹ́. Ohun tí fáìlì kékeré kan ì bá tún ṣe ti di ọ̀ràn písítìnì àti sílíńdà tuntun.

I. BÍ A ṢE RÍ EYÍN AYÙN YÌÍ

Ní ọdún 1926, Andreas Stihl, ará Jámánì, ṣe ayùn kan tí iná mànàmáná ń yí. Ní ọdún 1929 ó ṣe èyí tí ń lo bẹntiróòlù. Ẹ̀rọ ìgbà náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn méjì fi ń gbé e. Eyín wọn sì dàbí eyín ayùn ọwọ́: wọ́n ń ha igi ni, kíákíá ni wọ́n sì ń kújú. Ní ọdún 1946, Joseph Buford Cox, agégi kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, rí ìdin kan tí ń jẹ ọ̀nà rẹ̀ la inú igi kọjá, bí irú èyí tí àwa náà ń rí nínú ìtì igi tí ó ti kú. Ó kíyèsí i pé ìdin náà kì í ha igi. Ẹnu rẹ̀ ń gé sí òsì, ó sì ń gé sí ọ̀tún. Cox fi irin ṣe irú eyín bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1947 ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Eyín òsì àti eyín ọ̀tún náà ni ó wà lára ṣéènì wa títí di òní. Ọgbọ́n tí Ẹlẹ́dàá fi sí ẹnu ìdin ni a ń lò.

II. ÌTỌ́JÚ EYÍN

Àmì tí a fi ń mọ ayùn tí ó kújú rọrùn. Ẹ wo ohun tí ó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ igi. Bí ó bá jẹ́ èérún nínípọn, eyín mú. Bí ó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́ tí a kù, eyín ti kú. Ayùn tí ó mú a máa fa ara rẹ̀ wọ inú igi. Èyí tí ó kújú ni a ń tì.

Bí ṣéènì tí ń yí bá kan yanrìn tàbí òkúta lẹ́ẹ̀kan péré, ojú rẹ̀ bàjẹ́. Nítorí náà, kí a fi igi kékeré tẹ́ abẹ́ ìtì tí a fẹ́ gé, kí a sì gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára èèpo rẹ̀. Ìrókò pàápàá a máa ní òkúta líle nínú ara rẹ̀, tí ojú kò lè rí láti òde. Ẹni tí ń la ìrókò, kí fáìlì má ṣe jìnnà sí i.

Kí a tó pọ́n ayùn, kí a pa ẹ́ńjìnì, kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí a sì de báà, èyíinì ni irin pẹlẹbẹ gígùn tí ṣéènì ń yí ká, kí ó má baà mì. Fáìlì róbótó ni a ń lò, ó sì gbọ́dọ̀ bá ṣéènì mu. Láti mọ irú ṣéènì tí a ní, kí a wọ̀n ọ́n láti orí ìṣó kan dé orí ìṣó kẹta, kí a sì pín ìwọ̀n náà sí méjì. Bí ó bá jẹ́ 0.325 íǹṣì, fáìlì 4.8 mílímítà ni tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 3/8 íǹṣì, 5.2 mílímítà, ṣùgbọ́n 3/8 tí eyín rẹ̀ kúrú, tí ó wà lára àwọn ayùn kékeré, ń fẹ́ 4.0 mílímítà. Bí ó bá jẹ́ 0.404 íǹṣì, irú èyí tí àwọn ayùn ńlá bí STIHL 070 ń lò, 5.5 mílímítà. Àwọn òfin ìpọ́n nìyí:

1. Kí a ti fáìlì láti inú eyín síta. Nígbà tí a bá ń dá a padà, kí a gbé e kúrò lára irin.

2. Kí a tẹ̀ lé ìlà tí a fi sí orí eyín. Fún gígé igi ní ìdábùú, dígíríì 30 ni ó wọ́pọ̀. Fún lílà pákó ní gígùn, nǹkan bí 10 ni.

3. Eyín tí ó kúrú jùlọ ni kí ó jẹ́ òṣùwọ̀n fún gbogbo èyí tí ó kù. Bí eyín apá kan bá gùn ju ti apá kejì lọ, ayùn yóò máa yà sí ẹ̀gbẹ́, pákó yóò sì wọ́. Ta ni yóò sì san owó pákó títọ́ lórí pákó wíwọ́?

4. Ní iwájú eyín kọ̀ọ̀kan, kùkùté irin kékeré kan wà tí ó relẹ̀ díẹ̀ sí ojú tí ń gé. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní òdiwọ̀n, nítorí òun ni ó ń díwọ̀n bí eyín yóò ti jẹ igi jìn tó. Nínú ọ̀pọ̀ ṣéènì, ó relẹ̀ ní nǹkan bí 0.65 mílímítà. Bí a ti ń pọ́n eyín, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń relẹ̀, títí òun àti òdiwọ̀n yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Eyín mú nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lè kan igi. Lẹ́yìn ìpọ́n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì fi fáìlì pẹlẹbẹ fá a díẹ̀. Kí a má ṣe fá a jù: ṣéènì tí òdiwọ̀n rẹ̀ relẹ̀ jù a máa já igi gbà, a sì máa ta padà sí ẹni tí ó dì í mú.

III. BÁÀ ÀTI ṢÉÈNÌ

Kí a máa họ ìdọ̀tí kúrò nínú ojú ọ̀nà báà àti nínú ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Ní ìgbà gbogbo tí a bá pọ́n ṣéènì, kí a yí báà padà, kí òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà jẹ ju èkejì lọ.

Ṣéènì tí a fà dáradára yóò fara mọ́ abẹ́ báà, síbẹ̀ ọwọ́ tí ó wọ ìbọ̀wọ́ lè fà á yí. Bí ó bá gbóná, a máa gùn, a ó sì tún un fà. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a tú u díẹ̀, nítorí bí ó bá tutù yóò súnkì. Láti mọ̀ bóyá ọ́ìlì ń dé ara rẹ̀, kí a na orí báà sí ìtì igi tí ó mọ́, láìjẹ́ kí ó kàn án, kí ẹ́ńjìnì sì máa sáré: ìlà ọ́ìlì gbọ́dọ̀ hàn lórí igi náà. Ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì dà kúrò nínú ọkọ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rún irin wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ báà, ó sì ń ba awọ ara ènìyàn jẹ́.

IV. AFẸ́FẸ́, EPO ÀTI PÚLỌ́Ọ̀GÌ

Asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó dí dàbí ọwọ́ tí ó dí imú ènìyàn. Epo yóò pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín yóò máa rú, agbára yóò sì dínkù. Kí a máa gbọn asẹ́ yìí lójoojúmọ́, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Ewu kan sì fara pamọ́ síhìn-ín: bí a bá yí ìdè kábúrétọ̀ nígbà tí asẹ́ dí, tí a sì wá fọ asẹ́ náà ní ọjọ́ kejì, epo yóò kéré jù fún afẹ́fẹ́ tuntun tí ń wọlé, ẹ́ńjìnì yóò sì jóná.

Ẹ́ńjìnì ayùn kò ní ibi ọ́ìlì lọ́tọ̀ bí ti ọkọ̀ mọ́tò. Ó dàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn ń fi pè ara wọn ní ẹni tí ó sàn ju aládùúgbò lọ: inú bẹntiróòlù ni a ń po ọ́ìlì tú-sítróòkì mọ́. Pẹ̀lú ọ́ìlì tí ó dára, ìwé ọ̀pọ̀ ayùn sọ pé kí ó jẹ́ ìwọ̀n 1 sí 50. Àwọn ògbólógbòó ẹ̀rọ àti ọ́ìlì mìíràn ń fẹ́ 1 sí 25. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ yín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n. Ẹ ra sìríńjì 20 mílílítà ní ilé olóògùn: fún kẹ́ẹ̀gì lítà 4, sìríńjì 4 ni 1 sí 50, sìríńjì 8 sì ni 1 sí 25. Ẹ mì í dáradára. Ẹ má ṣe tọ́jú àpòpọ̀ náà ju oṣù kan lọ. Bí ẹ bá fura pé omi wà nínú epo, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun kí ó sì dúró; omi yóò wá sí ìsàlẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì jẹ́ ẹlẹ́rìí òtítọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, ohun gbogbo wà létò. Bí ó bá dúdú tí ó sì tutù, epo tàbí ọ́ìlì ti pọ̀ jù, tàbí asẹ́ ti dí. Bí ó bá funfun bí ẹfun, ẹ́ńjìnì ń gbóná jù: ẹ dá iṣẹ́ dúró. Àlàfo ẹnu rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ayùn jẹ́ 0.5 mílímítà.

V. ÌDÈ KÁBÚRÉTỌ̀

Ìgbà tí eyín bá mú, tí asẹ́ bá mọ́, tí epo bá tọ́, ìgbà náà ni kí a tó mú sukudiréfà. Nínú ọ̀pọ̀ ayùn, ìdè mẹ́ta ni ó wà. L ni ti epo nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré jẹ́jẹ́. H ni ti epo nígbà tí ó bá ń sáré gidigidi. LA tàbí T ni ti ìsinmi. Bí a bá yí L tàbí H sí ọ̀tún, epo dín. Bí a bá yí i sí òsì, epo pọ̀.

Kí a rọra ti L àti H dé òpin láìfi agbára, kí a sì ṣí wọn dé ibi tí ìwé ẹ̀rọ wí. Nínú ọ̀pọ̀, yíyí kan ni. Kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a wá ibi tí L ti ń mú kí ó sáré jùlọ ní ìsinmi, kí a sì ṣí i díẹ̀ sí i, títí yóò fi máa dáhùn kíá nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Kí a wá fi LA dín eré rẹ̀, títí ẹ́ńjìnì yóò fi máa sọ̀rọ̀ tí ṣéènì kò sì ní mira rárá. Ayùn tí ṣéènì rẹ̀ ń yí ní ìsinmi kò yẹ kí a gbé rìn.

Etí ni a fi ń tún H ṣe. Kí a tẹ ẹ̀rọ dé òpin fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìgé igi. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kólòlò díẹ̀. Nígbà tí ó bá sì wọ inú igi, kí ìkólòlò náà parí, kí ohùn mọ́ gaara. Bí ó bá ń han gooro láìkólòlò rárá nígbà tí kò gé ohunkóhun, epo kéré jù: kí a ṣí H kíákíá. Ohùn dídùn yìí ni ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Àwọn ayùn tuntun kan kò ní ìdè tí a ń yí, nítorí ẹ̀rọ inú wọn ni ó ń díwọ̀n epo. Kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

VI. ÌTỌ́JÚ ARA

Kí orí báà, pàápàá apá òkè rẹ̀, má ṣe kan igi nígbà tí ṣéènì ń yí. Ibẹ̀ ni ayùn ti máa ń ta padà sí ojú àti ọrùn. Kí a fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí bíréèkì ṣéènì sì máa ṣiṣẹ́. Kí a bo ojú àti etí, kí a wọ bàtà líle. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán ẹ́ńjìnì wò nínú yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù tí a tì, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìsí ariwo. Kí a má ṣe bu epo sí i nígbà tí ó gbóná, tàbí nítòsí sìgá.

Ẹ̀yin ará, ẹ ka ìwé Oníwàásù, orí 10, ẹsẹ 10, ẹ ó rí i pé ọ̀ràn irin tí ó kújú kì í ṣe tuntun. Agbára kò lè rọ́pò ojú tí ó mú. Ẹni tí ó bá fi ìdá mẹ́rin wákàtí pọ́n ayùn rẹ̀ ní òwúrọ̀ yóò dín epo kù, yóò pa ẹ́ńjìnì rẹ̀ mọ́, yóò sì padà wálé láìfarapa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Kí ni ó ń dà sílẹ̀ lábẹ́ igi nígbà tí eyín ayùn bá ti kú?
2. Kí ni iṣẹ́ òdiwọ̀n? Kí ni ewu tí ó wà nínú fífá a jù?
3. Mílílítà ọ́ìlì mélòó ni a ó po mọ́ lítà 5 bẹntiróòlù ní ìwọ̀n 1 sí 50?
4. Èéṣe tí a fi gbọ́dọ̀ fọ asẹ́ afẹ́fẹ́ kí a tó yí ìdè kábúrétọ̀?
5. Irú ohùn wo ni ó yẹ kí ayùn ní láìgé igi, irú wo sì ni nígbà tí ó bá wọ inú igi?