ALÙPÙPÙ ASÁRÉ-DÉ-BÚKÀ: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÀTÚNṢE ALÙPÙPÙ JAPAN ÀTIJỌ́ ÀTI ÀRÀ TÍ A Ń FI WỌ́N DÁ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Orí àkísà gan-an ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, àkísà irin: àwọn alùpùpù tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Japan ní ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá gba Èrúwà dé Lánlátẹ̀ lè rí irú wọn níwájú ìsọ̀ mọkálíìkì, òmíràn dúró lórí ẹsẹ̀ kan, òmíràn ti di egungun. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Tokyo, ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni í máa ń wá irú egungun bẹ́ẹ̀ kiri. Lọ́dọ̀ wa, pàǹtí ni à ń pè é. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé iṣẹ́ kan náà ni mọkálíìkì Lánlátẹ̀ àti ti òkè òkun ń ṣe, pé ọgbọ́n tiwa kò kéré sí tiwọn, àti pé èdè Yorùbá ni a fi ń kọ́ ọgbọ́n náà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá sí ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Bí a bá ní a tún alùpùpù àtijọ́ ṣe, ó lè jẹ́ pé ńṣe ni a dá a padà sí bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó jáde: ọ̀dà rẹ̀, ìjókòó rẹ̀, àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ gbogbo. Bí a bá ní a fi dá àrà, a ti yí i padà nìyẹn. A gé ibì kan, a fi nǹkan kún ibòmíràn, kí ó lè ṣe ohun tí ẹni tó ṣe é kò ní lọ́kàn. Agbádá tí a fọ̀ tí a sì lọ̀ yàtọ̀ sí agbádá tí a tú tí a fi rán dàńṣíkí. Irú àrà kan báyìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní café racer. Mo ti wá orúkọ Yorùbá fún un títí, kò sì sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn ju "asáré-dé-búkà" lọ. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín kò ṣẹ̀, nítorí wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà fi bẹ̀rẹ̀: àwọn awakọ̀ akẹ́rù ló fi ń yẹ̀yẹ́ àwọn ọmọdé tó ń sáré bí ẹlẹ́ṣin eré-ìje, tí kò sì sí ibi tí wọ́n ń sáré lọ ju ibi tíì àti búrẹ́dì lọ.

ÌTÀN BÚKÀ NÁÀ

Ní ọdún 1938 ni wọ́n ṣí ilé oúnjẹ tí à ń pè ní Ace Cafe sí ẹ̀bá ọ̀nà North Circular ní Lọ́ńdọ̀nù. Bọ́ǹbù bà á jẹ́ nígbà ogun Hitler, wọ́n sì tún un kọ́ ní 1949. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun alùpùpù ti sọ ibẹ̀ di ojúbọ. Ohun tí wọ́n ń lé ni ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí kan, èyí tó tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Owó wọn kò ká alùpùpù eré-ìje gidi, nítorí náà èyí tí wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n mú, tí wọ́n ń yọ gbogbo ohun tó bá wúwo kúrò lára rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì Triumph sínú férémù Norton, wọ́n sì sọ ọmọ tí wọ́n bí ní Triton. Búkà náà kógbá sílé ní 1969; ní 2001 ni wọ́n tó tún un ṣí.

Ọdún 1969 yìí kan náà ni Honda gbé CB750 jáde, písítìnì mẹ́rin, búrékì díìsì níwájú. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọlẹ́yìn búkà fi rí i pé irú alùpùpù Japan bẹ́ẹ̀ kì í da ọ́ìlì sílẹ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń tètè jí láàárọ̀. Ní 1975, Honda fúnra rẹ̀ ṣe CB400F, tí ọwọ́ rẹ̀ rẹlẹ̀, tí ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ sún sẹ́yìn, bí ẹni pé ọmọ búkà ló yà á.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni pé inú dídá àrà ni àwọn ilé-iṣẹ́ Japan fúnra wọn ti jáde. Ní 1946, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, epo wọ́n, ọkọ̀ wọ́n. Soichiro Honda rí àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ológun fi ń pèsè iná fún rédíò wọn, ó sì so wọ́n mọ́ básíkùlù. Ọdún 1948 ló tó dá ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Hamamatsu. Suzuki ńkọ́? Òfì ìhunṣọ ni wọ́n ń ṣe láti 1909, wọn kò sì dé ìdí ẹ̀rọ agùn títí di 1952. (Ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ́yìn, ẹ gbọ́!) Dùùrù ni Yamaha ń ṣe láti 1887, wọ́n wá ṣe alùpùpù àkọ́kọ́ ní 1955. Àmì tó wà lára táǹkì wọn títí di òní ni irin mẹ́ta tí àwọn olórin fi ń mọ̀ bí ohùn dùùrù bá gún.

BÍ WỌ́N ṢE DÉ ÌBÀRÀPÁ

Ìlú méje ni Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgangan. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni, oko sì pọ̀ tí mọ́tò kò lè dé. Nígbà tí ìjọba san owó Udoji ní 1975, òṣìṣẹ́ tó fi ra alùpùpù kò lóǹkà. Ní 1979 ni Honda dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà tí wọ́n ti ń to alùpùpù pọ̀. Lẹ́yìn tí ètò SAP dé ní 1986, tí owó oṣù kò tó ná mọ́, ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn gbé èrò, àwọn èèyàn sì fi orúkọ bàálù Okada Air pè é. Bí "máṣìnì" ṣe di ọ̀kadà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alùpùpù, orúkọ tí ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sọ ọ́, kò kú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rọ ṣàjèjì ní Lánlátẹ̀. Ìlú yìí ni wọ́n kọ́ ibùdó àkọ́kọ́ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà sí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970.

TÍTÚ PALẸ̀ ÀTI TÍTÒ PADÀ

Ẹ jẹ́ kí á wọ ìsọ̀ lọ. Irú ẹ́ńjìnnì méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, písítìnì ń rin ìrìn mẹ́rin kí iná tó jó lẹ́ẹ̀kan: ó fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, ó fún un pọ̀, iná jó o, ó lé èéfín jáde. Ẹ jẹ́ kí á pe èyí ní onírìn-mẹ́rin. Òun ni ọ̀pọ̀ Honda tí à ń gùn. Onírìn-méjì ń ṣe gbogbo èyí ní ìrìn méjì péré, òun sì ni ọ̀pọ̀ Suzuki àti Yamaha àtijọ́. Inú epo ni ọ́ìlì tó ń fi pa písítìnì lára ti ń wá, nǹkan bí ìwọ̀n ọ́ìlì kan sí ogún epo. Ẹni tó bá gbàgbé ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á gan mọ́ ọn lọ́wọ́ láàrin ọ̀nà.

Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í yára tú ẹ́ńjìnnì. Yóò kọ́kọ́ tẹ́tí, yóò wo ẹnu sàláńsà. Lára onírìn-mẹ́rin, èéfín tó dà bí aró sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín dúdú sọ pé epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ríìngì bá ti jẹ, tí inú búlọ́ọ̀kù sì ti họ, tọ́nà ni yóò gbé e lọ fún kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀. Àwọn ará Japan ti ro èyí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣe písítìnì tó fi 0.25 mìlímítà tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n tún ṣe 0.50, 0.75, títí dé 1.00. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, nígbà náà, ni búlọ́ọ̀kù kan lè tún ayé wá kí wọ́n tó wọ irin tuntun sí i nínú. Ibi tí ọ̀lẹ mọkálíìkì ti ń fojú hàn ni ibí yìí, nítorí pé yóò pààrọ̀ ríìngì nìkan, yóò gba owó, èéfín á sì padà kí oṣù méjì tó pé.

Táǹkì tó ti dípẹtà, òkúta wẹ́wẹ́ àti kẹrosíìnì ni wọ́n ń dà sí i, kí ọmọ iṣẹ́ méjì máa mì í títí omi pupa yóò fi dáwọ́ dúró. Ọ̀nà náà ni ọ̀pọ̀ ń gbà lókè òkun. Ní ti ẹnu kọ́ńtáàtì tó ń ta iná sí púlọ́ọ̀gì, Honda ní kí ó ṣí tó 0.30 sí 0.40 mìlímítà, mọkálíìkì tí kò ní irin ìwọ̀n ń fi páálí pélébé wọ̀n ọ́n, kì í sì í jìnnà sí i.

Ẹ wá wo ibi tí àrà ti yà. Asáré-dé-búkà ń mú kí alùpùpù fúyẹ́. Wọ́n á yọ mọ́gáàdì dànù, wọ́n á gé ìdí férémù, wọ́n á fi ìjókòó ẹnì kan tó ní iké lẹ́yìn sí i, wọ́n á sì de ọwọ́ kúkúrú méjì mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú kí ẹni tó gùn ún lè dọ̀bálẹ̀ fún atẹ́gùn. Ti Lánlátẹ̀ dojú kọ ibòmíràn. Ẹrù ni ọ̀gá wọn: pákí, iṣu, àpò àgbàdo, ẹ̀gúsí, àti ìyá alájà lórí rẹ̀. Nítorí náà wẹ́dà á jó irin mọ́ ẹ̀yìn di àgbékà, wọ́n á fi sípíríńgì tó le sí ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á fi ọ̀pá irin dáàbò bo ẹsẹ̀ níwájú. Kódà sípírókẹ́ẹ̀tì wọn yàtọ̀. Bí ti iwájú bá ní eyín 15, tí ti ẹ̀yìn sì ní 45, ti iwájú gbọ́dọ̀ yí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Alùpùpù bẹ́ẹ̀ kò lè sáré púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fà lórí òkè. Ọmọ búkà á fi eyín 36 sẹ́yìn, kí ìyípo 2.4 lè tó. Eré á wà, àmọ́ kí ó má dán àpò pákí méjì wò.

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ń dá àrà nítorí ẹwà. Wọ́n á yọ àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ kábúrétọ̀, wọ́n á fi asẹ́ kékeré rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ mọ́ jù bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á wá pọ̀ ju epo lọ. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, ó sì lè lu orí písítìnì. Ẹni tó bá yọ àpótí náà gbọ́dọ̀ pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì inú kábúrétọ̀ sí èyí tí ihò rẹ̀ tóbi sí i, kí ó gun alùpùpù náà díẹ̀, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá funfun, epo kò tíì tó. Bí ó bá dúdú, epo ti pọ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ ni à ń wá.

Férémù ni kí á máa bẹ̀rù jù. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn ni gbogbo ìwúwo ń lọ. Ẹni tó bá gé e kọjá ibẹ̀ nítorí kí ìdí alùpùpù lè rí ṣóńṣó, ó ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́.

ÈDÈ ÌSỌ̀

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa kíyè sí. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ ẹnu rẹ̀, àyálò ló pọ̀ jù: písítìnì, ríìngì, kábúrétọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, tiwa ni: tú, tò, dè, fà, gan, gbẹ́, jó, jẹ. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìmọ̀ náà wà. "Ó gan" yàtọ̀ sí "ó kú", "kò fà" yàtọ̀ sí "kò sáré", ọmọ iṣẹ́ tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn kò tíì tó ẹni tí a lè ṣe fíríìdọ̀mù fún. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Níwájú ìsọ̀, kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn rẹ̀ rí. Èdè-ìperí Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984 wúlò fún wa púpọ̀, àmọ́ ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ló wà fún. Mi ò rí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò fi lè mú ìwé àti bírò lọ sí Lánlátẹ̀ fún àpilẹ̀kọ ìgboyè rẹ̀, kí ó jókòó ti ọ̀gá kan títí ẹ́ńjìnnì kan yóò fi tú tán tí yóò sì padà tò.

Kí ó má sì pẹ́. Láti bí ọdún 2000 ni alùpùpù Ṣáínà àti ti Íńdíà ti gba ọjà, nítorí pé owó wọn kò ga. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń gbé egungun Honda lọ, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n sì ń gbé e lé bí ìkòkò tó jò. Ọ̀nà àbáyọ díẹ̀ wà fún CG125, tí Honda gbé jáde ní 1976 fún àwọn ilẹ̀ tí ẹrù pọ̀ tí àmójútó sì kéré: dípò ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gbé fáàfù rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí ni àwọn ará Ṣáínà wò ṣe púpọ̀ nínú tiwọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ páàtì Ṣáínà ló ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n CD175 onípísítìnì méjì kò rí irú ìbátan bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ọ̀gá kì í fi í da písítìnì àtijọ́ nù. Inú garawa ọ́ìlì ni wọ́n ń kó wọn sí, nítorí pé nọ́ńbà tó wà lórí wọn, 0.25 tàbí 0.50, ṣì lè bá búlọ́ọ̀kù ẹnì kan mu lọ́la.