Kúrunmí, Ológun Ìjàyè

Kò sí oyè ológun tí ó ga ju Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lọ ní Ọ̀yọ́. Gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n máa ń sín sí orí ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Láyé àtijọ́, bí ó bá jáde ogun, àfi kí ó ṣẹ́gun kí oṣù mẹ́ta tó pé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé.

Kúrunmí, olórí ìlú Ìjàyè, ni Aláàfin Àtìbà fi oyè yìí fún lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé, olú-ìlú àtijọ́, tú.

Ní 1859, Àtìbà wàjà. Àṣà àtijọ́ ni pé Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọmọkùnrin Aláàfin, gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n Àtìbà ti fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, gorí ìtẹ́. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí kọ̀, ó ní òun kò ní forí balẹ̀ fún un. Lójú tèmi, Kúrunmí kò jẹ̀bi àṣà. Adélù ránṣẹ́ sí i pé kí ó mú ọ̀kan nínú méjì: ère ìbejì, tí í ṣe àmì àlàáfíà, tàbí ẹ̀tù àti ọta ìbọn. Kúrunmí mú ọta.

Ogun bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè ní 1860. Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, kò kánjú sí i. Ògúnmọ́lá, ológun Ìbàdàn mìíràn, ni ara rẹ̀ ń gbóná. Àwọn Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́, nítorí náà kì í ṣe ọwọ́ àti ìbọn ni Ìjàyè kò ní. Oúnjẹ ni. Òkè Ògùn ni oúnjẹ ti ń wá, Ìbàdàn sì dí ọ̀nà ibẹ̀. Ìyàn mú. Àwọn òbí ń fi ọmọ wọn sọfà kí wọ́n lè rí àgbàdo jẹ. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n wá ṣèrànwọ́ wà lára àwọn tí ó ń gba ọmọ wọ̀nyí.

Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọmọ Kúrunmí márùn-ún bá ogun lọ. Òun náà kú ní oṣù kẹfà 1861, ogun kò tíì parí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Àwọn tí ó kù sá lọ sí Abẹ́òkúta. Bí o bá dé ibẹ̀, béèrè Àgọ́ Ìjàyè. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí.