Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Luke Littler àti ọfà kékeré

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní dáàtì. Eléré yóò dúró, yóò sì ju ọfà kékeré mẹ́ta sí pátákó róbótó tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Kì í lo ọrun. Ọwọ́ ni ó fi ń jù ú. Wọ́n kọ nọ́ńbà 1 títí dé 20 yí pátákó náà ká.

Dáàtì fẹ́ ojú tó ríran dáadáa. Ó fẹ́ ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Ó sì fẹ́ ìṣirò. Orí 501 ni eléré kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀. Iye tó bá jẹ ni wọn yóò yọ kúrò nínú 501. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òdo ni ó borí.

Ṣùgbọ́n òrùka tín-ín-rín kan wà ní etí pátákó náà. Bí ọfà bá wọ inú òrùka yìí, wọn yóò ka iye rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Inú òrùka yìí ni ọfà ìkẹyìn sábà máa ń wọ̀ kí eléré tó borí.

Wọ́n bí Luke Littler ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2007, ní ìlú Runcorn. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí bàbá rẹ̀ fi ra pátákó dáàtì kékeré fún un. Ọfà rẹ̀ kò ní ẹnu ṣóńṣó. Òòfà ni ó ń mú un lẹ̀ mọ́ pátákó. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó lọ sí ìlú St Helens, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dáàtì.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2024, ó dé òpin ìdíje àgbáyé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 16 ni. Àgbà kan ni ó dojú kọ: Luke Humphries. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ìpele méje ni yóò gba ife.

Littler gba ìpele mẹ́rin. Humphries gba méjì. Ó wá ku 4 péré kí Littler gba ìpele karùn-ún. Ó ju ọfà sí 2 inú òrùka, nítorí pé 2 lọ́nà méjì jẹ́ 4. Ọfà náà tàsé! Humphries gba ìpele náà, ó sì gba mẹ́rin mìíràn tẹ̀ lé e. Ife bọ́ lọ́wọ́ Littler.

Ǹjẹ́ ó kó ọfà rẹ̀ dà nù? Rárá o. Ó tún ń jù ú. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó pàdé Humphries ní òpin ìdíje mìíràn, ó sì borí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2025, Littler padà sí gbọ̀ngàn tí ó ti pàdánù. Michael van Gerwen, ará Nẹ́dálándì, tí ó ti gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ni ó dojú kọ. Littler gba ìpele méje, van Gerwen gba mẹ́ta. Ọmọ ọdún 17 ni Littler. Kò sí ọmọdé tó tó bẹ́ẹ̀ tó gba ife náà rí.

Àwọn àgbà ní: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Littler ṣubú, ó wo iwájú.

Ọ̀rọ̀ tuntun
òòfà: ohun tó ń fa irin mọ́ra
tàsé: kò bá ibi tí a fojú sùn
ìlọ́po méjì: iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì

Dáhùn
1. Kí ni eléré dáàtì ń jù?
2. Kí ló dé tí Littler fi ju ọfà sí 2?
3. Kí ni ó ṣe lẹ́yìn tí ó pàdánù?
4. Ó ku 40 fún eléré kan. Nọ́ńbà wo ni yóò jù sí nínú òrùka?

Ẹ jẹ́ kí a ṣeré
Ẹ fa òbírí ńlá sílẹ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́wàá, kí ẹ sì kọ 1 dé 10 sínú rẹ̀. Ẹ ju òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 51, kí ẹ máa yọ iye tí ẹ bá jẹ. Ta ni yóò kọ́kọ́ dé òdo?