Ríra Fúláàtì Nínú Ẹ́sítéètì Àtijọ́: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ilé, nítorí àwọn kan nínú wa ti ń béèrè ẹ̀yáwó láti fi ra fúláàtì nínú ẹ́sítéètì àtijọ́. Ibi tí a dúró sí nìyí: kí ènìyàn ra ilé dára, ṣùgbọ́n rírà nìkan kò lè sọ ẹ́sítéètì tó ti hu di ọ̀tun.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ sí Èkó yóò kọjá lára Festac Town. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1977. Nígbà tí àjọ̀dún parí, wọ́n dìbò pín àwọn ilé náà fún àwọn ará ìlú. Láti 1979 títí dé òpin 1983, Gómìnà Lateef Jákàńdè náà kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù tó ń háyà yàrá tipa bẹ́ẹ̀ di onílé. Àǹfààní ńlá ni.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì bẹ́ẹ̀ lónìí, inú fúláàtì mọ́ tónítóní, ìta ti bàjẹ́. Kí ló fà á? Olúkúlùkù ló ni inú ilé tirẹ̀, ó kùn ún lọ́dà. Ta ló wá ni òrùlé, àtẹ̀gùn, gọ́tà àti sókáwéè? Gbogbo wọn ló ni ín, nítorí náà kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Omi òjò á jò wọnú kọ́ńkéré, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, á wú, kọ́ńkéré á sì là. Létí òkun wa níbí, atẹ́gùn oníyọ̀ tún ń mú un yá.

Ọ̀kan nínú wa rí i. Fúláàtì òkè pátápátá ló rà. Nígbà tí òrùlé ń jò, ó kan ilẹ̀kùn àwọn ìdílé márùn-ún yòókù. Baba ìsàlẹ̀ ní òjò ò pa òun. Owó ọjà rẹ̀ ló fi tún òrùlé ṣe, ìsọ̀ rẹ̀ sì ṣófo fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tó yá, sókáwéè kún, ó ń tú sẹ́nu ọ̀nà baba ìsàlẹ̀. Òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1980 jẹ́ kí àwọn ayálégbé ìjọba lè ra ilé tí wọ́n ń gbé ní ẹ̀dínwó. Àwọn èèyàn wa tó ra irú fúláàtì bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń san owó ìtọ́jú òrùlé àti àtẹ̀gùn, bí ilé tilẹ̀ jẹ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò o.

1. Owó ilé. Nínú ètò tí Ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ènìyàn á kọ́kọ́ san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, á sì fi ọdún mẹ́wàá san ìyókù. Ká ní ilé kan jẹ́ ₦12,000,000: àkọ́san jẹ́ ₦600,000. Ìyókù, ₦11,400,000, tí a bá pín in sí oṣù 120, jẹ́ ₦95,000 lóṣù, a ò tíì ka èlé. Kí owó ilé má kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé. Ẹni tí kì í rí tó ₦285,000 lóṣù, kó má tọrùn bọ̀ ọ́.

2. Àpò ilé. Bí ìdílé mẹ́fà bá ń dá ₦5,000 lóṣù, ₦360,000 ni lọ́dún. Kí owó náà wà ní báńkì, kí ènìyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i.

3. Ìwé. Ẹ má san kọ́bọ̀ kí lọ́yà tó yẹ ìwé ilé wò. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ọdún 1978, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà irú ilé bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ wa ń dábàá pé ẹni tó bá fẹ́ yáwó ra fúláàtì kó mú ẹ̀rí wá pé ilé náà ní àpò. Bí kò bá ní in, kó kọ́kọ́ pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ jókòó. Owó gbogbo wa ni à ń yá jáde. A ò fẹ́ kó bá òjò lọ. Ẹ rò ó wò, ká lè dìbò lé e lórí ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.