Ẹ̀KỌ́ ÌLERA FÚN OṢÙ YÌÍ: ÌTỌ̀ TÓ Ń TA ÈNÌYÀN KÌ Í ṢE ÀTỌ̀SÍ NÍGBÀ GBOGBO

Ọ̀rọ̀ owó ìfipamọ́, èlé, àti bí a ṣe ń ṣe onídùúró ni a sábà máa ń sọ lójú ìwé yìí. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ara wa ni a fẹ́ sọ, nítorí bí ara ò bá le, kò sẹ́ni tó lè dé ọjà, áḿbọ̀sì kó san owó tó yá.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ rèé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó sì kó ọjà tuntun. Kò tó oṣù méjì, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó ra kápúsù méjì-méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn. Ó rọ̀ díẹ̀, ó tún padà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó ní àtọ̀sí ni, kí ìyàwó òun sọ ibi tó ti kó o. Ilé dàrú. Ìtìjú ò jẹ́ kí ìyá náà sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́, títí ibà líle àti ẹ̀yìn ríro fi gbé e dè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìsọ̀ fi wà ní títì. Àwọn onídùúró méjì ló ń bá a san owó. Ìgbà tí wọ́n wá yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kì í ṣe àtọ̀sí rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kí a má dárúkọ òun. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

1. KÍ LÓ Ń FÀ Á?

Kíndìnrín méjì tó wà lára wa ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí tí wọ́n bá yọ kúrò ló ń di ìtọ̀. Ìtọ̀ á gba ọ̀nà tóóró méjì sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ìtọ̀, á wá gba ọ̀nà kan ṣoṣo jáde. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ọ̀nà yìí, tó ń bí sí i níbẹ̀, àrùn ọ̀nà ìtọ̀ dé nìyẹn.

Kòkòrò tó ń fà á jù lọ ni Escherichia coli, tí wọ́n ń gé kúrú sí E. coli. Nínú obìnrin mẹ́rin tí àrùn yìí bá mú ní àpò ìtọ̀, òun ló ń fa ti bíi mẹ́ta. Inú ìfun wa ló ń gbé, kì í sì í sábà yọ wá lẹ́nu níbẹ̀. Ìgbà tó bá ti ihò ìdí rá wá sí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn wà bíi Klebsiella, Proteus àti Enterococcus. Àtọ̀sí ní kòkòrò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìbálòpọ̀ ló sì ń gbé e kiri. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀.

2. TA LÓ TÈTÈ Ń MÚ?

Obìnrin ni. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ó sì sún mọ́ ihò ìdí; ti ọkùnrin tó bíi 20. Bí a bá kó obìnrin méjì jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àrùn yìí á mú ọ̀kan nínú wọn rí láyé rẹ̀. Àwọn nǹkan tó tún ń ṣínà fún un rèé:

(a) Mímú ìtọ̀ mọ́ra àti àìmu omi tó. Èyí kan àwa ọlọ́jà gan-an. Ọjà mélòó ló ní ilé ìtọ̀ tó ṣe é wọ̀? Ẹlòmíràn á kúrò nílé láago mẹ́fà àárọ̀, kò ní tọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á tún fi omi du ara rẹ̀ kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ tó ń ṣàn ló ń gbá kòkòrò jáde. Èyí tó bá pẹ́ nínú àpò ń fún un láyè láti bí sí i.
(b) Ìbálòpọ̀ lè ti kòkòrò ara obìnrin fúnra rẹ̀ sún mọ́ ọ̀nà ìtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ṣe àgbèrè.
(d) Oyún. Kòkòrò lè wà nínú ìtọ̀ aboyún láìjẹ́ pé ó ta á. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, nínú aboyún mẹ́wàá tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè dé kíndìnrín ẹni mẹ́ta. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ ní kílíníìkì aboyún.
(e) Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, àti ẹni tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà.
(ẹ) Bàbá àgbà tí kókó pròsítéètì rẹ̀ ti wú, tí ìtọ̀ kì í tán nínú àpò, àti ẹni tí òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀.
(f) Ẹni tí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ láti máa fa ìtọ̀ jáde.

3. ÀMÌ RẸ̀

Ìtọ̀ á máa ta ènìyàn, á máa gbọ̀n ọ́n léraléra, bó bá sì dé ibẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò jáde. Abẹ́ ìdodo lè máa ro, ìtọ̀ lè dọ̀tí, kó rùn, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ibà, òtútù, ẹ̀yìn tàbí ìhà ríro àti èébì bá dé, ó ti dé kíndìnrín nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní ibà lásán ni, wọ́n á máa lo oògùn ibà, nígbà tí ìdí ibà náà wà nínú ìtọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

4. BÍ ILÉ ÀYẸ̀WÒ ṢE Ń MỌ̀ Ọ́N

Ọwọ́ aláìsàn ni iṣẹ́ àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ omi tó ti pẹ́ ní títì, a máa ń jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ ṣàn lọ kí a tó gbé korobá sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ̀ àyẹ̀wò. Ẹ fọ ọwọ́ àti ojú ara, ẹ tọ díẹ̀ dànù, ẹ gba ti àárín sínú ìgò tí ilé àyẹ̀wò fún yín, ẹ tọ ìyókù dànù. Ẹ má ṣe lo ìgò oògùn àtijọ́. Kó dé ọ̀dọ̀ wọn kí wákàtí méjì tó pé. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó wà nínú fíríìjì, kó má ju wákàtí 24 lọ. Kí ẹ sì gbà á kí ẹ tó lo oògùn kankan.

Bó bá débẹ̀, wọ́n á ti ìwé pélébé kan bọ̀ ọ́. Ojú kan lára rẹ̀ ń fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun hàn, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara. Òmíràn ń fi náítíráìtì hàn, èyí tí E. coli àti àwọn kan bíi rẹ̀ ń ṣe. Gbogbo kòkòrò kọ́ ló ń ṣe é, nítorí náà bí kò bá hàn, kò tíì fi hàn pé kò sí àrùn.

Lẹ́yìn náà ni máíkírósíkóòpù. Wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ funfun, ẹ̀jẹ̀ pupa àti kòkòrò. Ibẹ̀ ni wọ́n tún ti ń rí ẹyin àtọ̀sí ajá, tí àwọn tó ń wọ odò máa ń kó, bíi àwọn tó wà ní agbègbè ìdídò Ọ̀yàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìtọ̀ tí a bá gbà láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló dára jù fún ìyẹn.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni pé kí wọ́n gbin ìtọ̀ náà sórí oúnjẹ kòkòrò nínú àpótí tó móoru bí ara ènìyàn, di ọjọ́ kejì. Wọ́n á wá ka iye tó hù. Láti ìgbà iṣẹ́ Edward Kass ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1950 sí 1959 ni wọ́n ti ń lo 100,000 nínú mílílítà kan gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá ń ta obìnrin gan-an, iye tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lè tó. Bí oríṣiríṣi kòkòrò bá hù pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé a kò gba ìtọ̀ náà dáadáa. Wọ́n á ní kí a tún un gbà.

Níkẹyìn, wọ́n á to bébà wínníwínní tí oògùn wà lára rẹ̀ sórí kòkòrò náà. Ibi tí kòkòrò ò bá ti lè hù yí bébà ká, oògùn náà lágbára rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kápúsù méjì-méjì tí ìyá wa lò kò pa kòkòrò tán. Irú rẹ̀ ló ń kọ́ kòkòrò bí wọ́n ṣe ń gbójú sí oògùn.

5. KÍ NI KÍ A ṢE?

Ẹ máa mu omi, ẹ má ṣe mú ìtọ̀ mọ́ra. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fi hàn pé, láàárín àwọn obìnrin tí kì í mu omi púpọ̀ tí àrùn yìí sì ń padà mú, àwọn tó fi lítà kan ààbọ̀ kún omi tí wọ́n ń mu lójúmọ́ rí i kó dín kù ní bíi ìdajì. Obìnrin tó bá lọ sí ilé ìyàgbẹ́, kó nu ara láti iwájú lọ sẹ́yìn. Kí tọkọtaya má jà kí àyẹ̀wò tó jáde. Oògùn tí dókítà bá kọ, ẹ lò ó tán. Aboyún, ọmọdé, tàbí ẹni tí ibà àti ẹ̀yìn ríro bá bá a, kó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

(1) Kí ló ya àrùn yìí sọ́tọ̀ sí àtọ̀sí?
(2) Kí ló dé tí a fi ń da ìtọ̀ àkọ́kọ́ nù?
(3) Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìsọ̀ kan fi wà ní títì àti ilé ìtọ̀ mímọ́ kan tí gbogbo wa dá owó sí, èwo ló wọ́n jù? Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá wa mú ìdáhùn èyí wá, pẹ̀lú iye tó lè dá.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ó dìgbà kan ná o.