Lọ́jọ́ Tí Ó Bá Rẹ̀ Ọ́

Olùfẹ́, bí o bá jí kúrò ní Lotto kí ilẹ̀ tó mọ́, tí o jókòó pẹ́ nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọ̀nà Èkó, àárẹ̀ á ní kí o fi eré ìdárayá sílẹ̀. Má gbọ́ tirẹ̀. Ìjókòó pípẹ́ pàápàá a máa mú ara wúwo.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá, bí ìrìn kíákíá, fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Wọ́n ní díẹ̀ sì sàn ju àìṣe rárá lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ àárẹ̀, dín in kù, má pa á tì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ṣùgbọ́n bí ibà bá ń ṣe ọ́, sinmi.

Ṣe èyí lónìí: Bí o bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ilẹ̀ kò tíì ṣú, má gun ọ̀kadà. Fi ẹsẹ̀ rìn délé.